Àtọ̀gbẹ Wo Ni?

Kí ilé àyẹ̀wò tó dé ọ̀dọ̀ wa, èèrà ni àwọn àgbà fi ń mọ àrùn yìí. Ẹni tó bá tọ̀ sílẹ̀ tí èèrà ya bò ó, wọ́n á ní ìtọ̀ rẹ̀ ti dùn. Ohun tí orúkọ náà, ìtọ̀ ṣúgà, ń sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àtọ̀gbẹ ní tirẹ̀ fi ojú aláìsàn wo ọ̀rọ̀: à ń tọ̀, ara ń gbẹ. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ tó pè é ní diabetes kò rí ju èyí lọ, omi tó ń gba inú ara kọjá ni wọ́n ń sọ. Mellitus tí wọ́n wá fi Látìnì so mọ́ ọn, adùn oyin ló ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún àrùn yìí, kò wá a ni.

Àmọ́ àmì àrùn ni àwọn orúkọ méjèèjì dárúkọ, wọn ò dárúkọ ohun tó fà á. Kò sí wàhálà níbẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Lónìí, àwọn oníṣègùn ti rí i pé ọ̀pọ̀ àrùn ló ń pàdé lábẹ́ àmì kan náà, oògùn tó sì ń ran ọ̀kan lè má ran èkejì. Aláìsàn tí wọ́n bá fún ní oògùn àrùn ẹlòmíràn lè lò ó fún ọdún gbọọrọ kí ṣúgà rẹ̀ má wálẹ̀. Bí orúkọ kan ṣoṣo bá wà fún gbogbo wọn, kí ni yóò fi béèrè ìdí rẹ̀?

Ní 1936, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Harold Himsworth, kọ ọ́ jáde pé àtọ̀gbẹ pín sí méjì: ti àwọn tí ara wọn ń jẹ́ ìpè ínsúlíìnì, èròjà tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, àti ti àwọn tí ara wọn kì í fẹ́ jẹ́ ẹ. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1980, orúkọ tí ayé ń lò ni èyí tó gbára lé ínsúlíìnì àti èyí tí kò gbára lé e. Orúkọ yẹn dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, torí ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n ní kò gbára lé e ló padà ń gún un. Ní 1997, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà pa á tì, wọ́n mú nọ́ńbà dípò rẹ̀: oríṣi kìíní, oríṣi kejì. Àwa náà sì túmọ̀ nọ́ńbà.

Mo lòdì sí nọ́ńbà yìí nínú èdè wa. Ẹ sọ “àtọ̀gbẹ oríṣi kejì” lórí rédíò, kí ẹ wá gbọ́ ìbéèrè àwọn tó máa pè wọlé: “Ṣé kìíní ló ń di kejì tí a ò bá tètè tọ́jú ẹ̀?” Létí wa, kìíní àti kejì ipò ni, bí ipò ọmọ nínú ilé tàbí ipò ọmọléèwé nínú kíláàsì. Nọ́ńbà kò sọ ohun tó ń ṣe ara fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ méjì tó wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́ tó o. Èyí tí ara kò ti rí ínsúlíìnì ṣe mọ́, ẹ jẹ́ ká pè é ní àtọ̀gbẹ ọ̀wọ́n. Èyí tí ínsúlíìnì wà ṣùgbọ́n tí ara kò dá a lóhùn, ẹ jẹ́ ká pè é ní àtọ̀gbẹ àìjẹ́pè. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó yẹ ká ṣàlàyé ọ̀wọ́n fún. Ìgbà ọ̀wọ́n epo, mọ́tò lè dá ṣáṣá, kò ní kúrò lójú kan. Mẹkáníìkì tó bá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ òfo ló ṣe. Oògùn oníhóró tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún èèyàn, metformin, ara ló ń bá wí kó lè jẹ́ ìpè. Glibenclamide ń fipá mú ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlíìnì kó tú sí i jáde. Níbi tí ọ̀wọ́n bá ti dé tán, kò sí èyí tó lè ṣiṣẹ́ náà nínú méjèèjì.

Ẹ̀yà ara yẹn, lẹ́yìn ikùn ló wà. Páńkíríà ni mo ń kọ ọ́. Mo ti rí i tí wọ́n pè é ní òróòro, àṣìṣe gbáà sì ni: òróòro ní iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀, ó korò, gbogbo ẹni tó ti pa adìyẹ rí ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ àyálò tó ṣe tààrà sàn ju ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń ṣini lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí ní kílíníìkì. Ìyá kan, ẹni ọdún 46, tó tẹ́ẹ́rẹ́, mú káàdì rẹ̀ dání. Ó ti lo hóró méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, síbẹ̀ ṣúgà àìjẹun àárọ̀ yìí jẹ́ 240, bẹ́ẹ̀ 126 péré ti tó láti pe èèyàn ní alátọ̀gbẹ. Nọ́ọ̀sì wo káàdì, ó wo ojú rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ tún ti ń mu mínírà.”

“Nọ́ọ̀sì, mi ò fẹnu kàn án.”

“Ẹ̀bà yẹn ńkọ́? Ẹ ò kó ara yín níjàánu.”

Ìjánu ni wọ́n fi ń túmọ̀ control, ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ń lò fún ṣúgà tó wà níwọ̀n tàbí tó pọ̀ jù, láìfura pé ìjánu nínú Yorùbá máa ń so mọ́ ìwà. Ẹni tí kò kó ara rẹ̀ níjàánu, alájẹkì ni, oníwọ̀ra ni. Ẹjọ́ ti dá kí ìyá náà tó jókòó. Kì í ṣe pé mo ń sọ pé oúnjẹ ò ṣe pàtàkì. Ó lè jẹ́ pé ó ń jẹ ẹ̀bà jù lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé àtọ̀gbẹ rẹ̀ kì í ṣe àìjẹ́pè rárá.

Ní 1993, àwọn olùwádìí fún irú àtọ̀gbẹ bẹ́ẹ̀ kan lórúkọ: LADA. Àgbàlagbà ló ń mú. Àwọn ọmọ-ogun ara ẹni ló dojú ìjà kọ ibi tí ínsúlíìnì ti ń wá, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, débi pé oògùn oníhóró á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, á wá di pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nítorí pé àgbà ni, wọ́n ti kọ oríṣi kejì sórí káàdì rẹ̀. Mo gbìyànjú “àtọ̀gbẹ ìkọ̀kọ̀” fún un. Kò dùn mọ́ mi, ó dà bí ohun ìtìjú. Ọ̀wọ́n ayọ́wọlé ni mo fara mọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó ń wá àpá ọwọ́ àwọn ọmọ-ogun náà. Òmíràn wà, C-peptide, èyí tó ń já bọ́ nígbà tí ara bá ń gé ínsúlíìnì jáde. Iye rẹ̀ ló ń sọ bóyá ara ṣì ń ṣe é. Mo pè é ní èérún ínsúlíìnì.

Kí ni ká wá sọ fún ìyá náà nípa ṣúgà tí kò wálẹ̀? Mo ti gbọ́ “kò gbóògùn.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Àrùn kògbóògùn ni rédíò ti fi ń pe éèdì láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún, ikú ló gbọ́. Ṣúgà tí apá kò tíì ká ni kí ẹ sọ. “Tíì” yẹn wúlò: iṣẹ́ ṣì kù, kì í sì í ṣe aláìsàn nìkan ló máa ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tó tún nira ni ti ẹni tí wọ́n fi orúkọ àrùn mìíràn pe tirẹ̀. Àwọn kan ń kọ “àṣìyẹ̀wò.” Ìyẹn di ẹ̀bi lé ilé àyẹ̀wò lórí, bẹ́ẹ̀ 240 tí wọ́n kà pé pérépéré, orúkọ tí wọ́n fún un ni kò bá a mu. Àṣìdárùnmọ̀ péye, ṣùgbọ́n ẹnu kò lè gbé e. Àṣìpè tó fún mi. Wọ́n ṣi àrùn náà pè. Ó ṣeé tún pè.

Orúkọ àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ lè tanni jẹ. HbA1c, tí púpọ̀ nínú wa ń túmọ̀ sí àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta, ara sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń ka ṣúgà, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì yẹn máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 láyé. Lára ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, kì í lò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Àyẹ̀wò á wá ka ṣúgà rẹ̀ sí kékeré, nígbà tí ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè ṣi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára kà pẹ̀lú. Níbi tí fòníkú-fọ̀ladìde wọ́pọ̀ tó báyìí, kò yẹ ká máa ṣèlérí oṣù mẹ́ta nínú orúkọ. “Ṣúgà ìgbà pípẹ́” kò ṣèlérí kankan.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé eré onígírámà lásán ni mò ń ṣe, kó wo 2022. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní diabetes insipidus: ìtọ̀ pọ̀, òùngbẹ pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ṣúgà níbẹ̀. Àtọ̀gbẹ ni nínú èdè wa, àní àtọ̀gbẹ pọ́ńbélé. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn nílùú òyìnbó ń gbọ́ diabetes, wọ́n ń sáré yẹ ṣúgà wò, oògùn tí aláìsàn nílò gan-an ò sì dé ọwọ́ rẹ̀. Lọ́dún náà ni àwọn onímọ̀ dábàá pé kí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà pátápátá.

Àtọ̀gbẹ tí ebi àti àìjẹunrekánú ń fà náà ti jìyà orúkọ. Wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Jàmáíkà ní 1955, Àjọ Ìlera Àgbáyé fún un ní àyè tirẹ̀ ní 1985, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 1999. Ní 2025, àjọ àtọ̀gbẹ àgbáyé fọwọ́ sí i ní Bangkok pé oríṣi karùn-ún ni. Karùn-ún! Àtọ̀gbẹ ìyàn ni èmi yóò máa kọ.

Iṣẹ́ wíwá orúkọ báyìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984, èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ni wọ́n gbájú mọ́. Herbert Igboanusi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀ fún HIV, éèdì àti Ebola. Kí àwọn dókítà tó gbọ́ Yorùbá, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn olóòtú rédíò àti àwa tí a ń túmọ̀ jókòó ti àtọ̀gbẹ náà; èyí tí mo kọ síbí, kí wọ́n gé e, kí wọ́n rán an. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin tí ṣúgà yín kò wálẹ̀, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ fún àgbo. Ẹ padà lọ bá dókítà, kí ẹ bi í pé: “Àtọ̀gbẹ wo ni tèmi, àyẹ̀wò wo lẹ sì fi mọ̀?”