Àdín, Ìwẹ̀ Ọmọ àti Ohùn Ìyá ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ẹni tí ó bá ti Òkìtìpupa, ìlú tí ó gba orúkọ lára òkìtì ilẹ̀ pupa, lọ sí Òde-Ìrèlè tàbí Ìkòyà yóò rí i pé igi ọ̀pẹ ni ó fi ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ṣe ilé. Lábẹ́ ọ̀pẹ yìí kan náà ni àwọn ìyá wa ti rí ìdáhùn sí ọ̀ràn tí ń kọ abiyamọ lóminú nígbà ọyẹ́, nígbà tí awọ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ bá gbẹ, tí ó sì funfun bí ẹni pé ó yí nínú eérú.

Àdín ni ìdáhùn náà. Bí wọ́n bá ti fún epo pupa tán, wọn kì í da ẹ̀kùrọ́ nù: àwọn àgbà obìnrin a sá a sóòrùn, wọn a fi òkúta fọ́ èèpo líle rẹ̀, wọn a sì yan ọmọ inú rẹ̀ nínú ìkòkò títí òróró dúdú yóò fi ṣàn jáde, tí òórùn rẹ̀ yóò gba gbogbo àgbàlá. Òrí ní tirẹ̀, láti ọ̀dàn ni ó ti ń wá, ọwọ́ oníṣòwò ni a sì ti ń rà á. Ẹ̀yìnkùlé ni àdín wà. Lẹ́yìn tí a bá ti fi kàn-ìnkàn-ìn àti ọṣẹ dúdú wẹ ọmọ, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù, ni wọ́n ń fi í pa á láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ọgbọ́n gidi sì ni, nítorí omi tí òróró bá bò mọ́ awọ kì í tètè gbẹ. Wọ́n ń lò ó fún gìrì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé kí a rọ ọ́ sí ọmọ lẹ́nu tàbí nímú, nítorí bí ó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ewu ńlá ni.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn oníṣòwò Jámánì, tí ilé ìṣòwò G. L. Gaiser ti Hamburg wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹ̀kùrọ́ láti Èkó lọ ṣe ọṣẹ àti bọ́tà olóròóró (margarine), títí ogun 1914 fi dá wọn dúró. Nígbà tí ó yá, ìpara inú agolo ti òkè òkun wá bá wa nílé, ó sì ń gba ipò àdín.

Ohun tí ó dùn mí jù kì í ṣe ti àdín. Ẹ̀kùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Ohùn ìyá ni alábàákú ìwẹ̀ ọmọ. Ìyá àgbà tí ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí ó tẹ́ ọmọ sórí wọn, kì í dákẹ́: bí ó ti ń pa á lára ni ó ń kì í, tí ó ń sọ irú ẹni tí àwọn baba rẹ̀ jẹ́ fún un, tí ó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, tí ó sì ń dúró kí ó dáhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé “agu” nìkan ni ọmọ lè fọ̀. Níbẹ̀ ni ọmọ Ìkálẹ̀ ti ń gbọ́ “eghó” kí ilé ìwé tó kọ́ ọ pé “owó” ni. Lónìí, àmóhùnmáwòrán ni a fi ọmọ tì, bí kò bá sì tètè sọ̀rọ̀, aráyé a ní odi ni.

Ọ̀rọ̀ tí etí kò gbọ́, ẹnu kò lè sọ ọ́. Àrùn etí tàbí ibà apọ́njú líle lẹ́yìn ìbí lè ba ìgbọ́ràn jẹ́. Ẹ̀yin ìyá wa, bí ọmọ bá pé ọdún kan tí kò yíjú sí ẹni tí ó pe orúkọ rẹ̀, tàbí tí ó pé ọdún méjì tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ nídìí ìwẹ̀, ní èdè Ìkálẹ̀.