Wárápá Inú Ìdílé: Ìtàn Ìmọ̀ àti Ìtìjú

Láyé àtijọ́, kí ìdílé Yorùbá tó fa ọmọbìnrin wọn fún ọkọ, wọn a kọ́kọ́ ṣe ìwádìí: ǹjẹ́ wárápá, ẹ̀tẹ̀ tàbí wèrè kò sí nínú ẹbí náà? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Àwọn oníṣègùn Yúróòpù náà béèrè rẹ̀. Ìdáhùn wọn mú ìmọ̀ wá, ó sì mú ìpalára wá pẹ̀lú.

Ní ọdún 1891, Heinrich Unverricht, ará Jámánì tí ó jẹ́ olùkọ́ ìṣègùn ní Dorpat, ìlú tí a ń pè ní Tartu ní Ẹstóníà lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ìyá kan tí irú wárápá kan náà ń bá jà. Láàárín ìgbà èwe ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Ara ọmọ a máa ta pì lójijì, ọwọ́ rẹ̀ a máa jù, títí ìrìn yóò fi di ìṣòro. Ní 1903, Herman Lundborg kọ̀wé nípa àrùn kan náà láàárín àwọn àgbẹ̀ Blekinge ní gúúsù Swídìn. Ó tọpa ìran wọn, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1913 lórí ènìyàn 2,232 nínú ẹbí kan ṣoṣo.

Ó fi hàn pé àrùn náà lè mú ọmọ láìmú òbí. Ẹni tí ó mọ fòníkú-fọ̀ladìde yóò tètè lóye rẹ̀. Bí AS bá fẹ́ AS, ara àwọn méjèèjì lè le koko, síbẹ̀ nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS.

Lundborg kò dúró níbẹ̀. Ó ka àìsàn náà sí ẹ̀rí pé ìran náà ti bàjẹ́. Ní 1922 ó di olórí ilé ìwádìí ìjọba lórí ẹ̀yà ènìyàn ní Uppsala. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ó wà nídìí òfin Swídìn ti 1934 tí ó fàyè gba iṣẹ́ abẹ láti sọ ènìyàn di aláìlèbímọ. Títí di 1975, ó lé ní 60,000 ènìyàn tí a ṣe é fún, obìnrin ni ó pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ wọn kò sì fi tinútinú gbà. Ní 1999 ni ìjọba gbà láti san owó ìtanràn.

Ní 1996, àwọn onímọ̀ rí jíìnì tí ó ń fa àrùn náà: àbùkù inú èyí tí ń darí èròjà cystatin B, tí ń dáàbò bo ọpọlọ. Kì í ṣe ègún, kì í sì í ṣe ìwà ìbàjẹ́. A tún mọ̀ pé phenytoin, oògùn tí ó wúlò fún ọ̀pọ̀ oníwárápá, ń mú kí èyí le sí i. Nítorí náà, mímọ ìdílé lè gba ọmọ là.

Ìwádìí kò burú. Ohun tí a fi í ṣe ni ó lè burú. Kì í ṣe gbogbo wárápá ni a ń bí mọ́ni: ibà líle, ìpalára nígbà ìbí àti ọgbẹ́ orí lè fà á. Itọ́ kò sì lè ràn án. Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí kò ní sá fún akẹ́kọ̀ọ́ tí wárápá gbé ṣánlẹ̀.