Fífi Kọ̀ǹpútà Darí Tọ́bò Ọkọ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Ń Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe É Mọ̀

Ní àgbègbè iléeṣẹ́ ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀ láti Ọba Àkran ní Ìkẹjà títí dé Ògbà àti Agége, tọ́bò kì í ṣe àjèjì. Ó wà lára ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò bá sí iná ìjọba, ó sì wà lára àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ọjà wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn ra tọ́bò tòkúnbọ̀ ní Ládípọ̀, kí ó gbé e sórí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí kò bá tọ́bò wá láti iléeṣẹ́, kí ó sì tún fẹ́ fi kọ̀ǹpútà darí rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí wà fún.

Alfred Büchi, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n tọ́bò lọ́dún 1905. Èéfín gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì a máa yí abẹ̀bẹ̀ kan. Ọ̀pá kan ló so abẹ̀bẹ̀ yìí mọ́ èkejì, èkejì náà a sì máa fa atẹ́gùn láti ìta, a fún un pọ̀, a tì í wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí atẹ́gùn bá ti pọ̀ sí i, epo náà lè pọ̀ sí i, agbára ọkọ̀ á sì ga. Ìwọ̀n tí agbára atẹ́gùn náà fi ju ti ìta lọ ni wọ́n ń pè ní boost, bar ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n.

Bí kò bá sí ohun tó ká tọ́bò lọ́wọ́ kò, yóò ba ara rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn kékeré kan, wastegate, fi wà lójú ọ̀nà èéfín. Agolo kékeré tí sípíríǹgì wà nínú rẹ̀ ló ń ṣí ilẹ̀kùn yìí. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gbé atẹ́gùn láti ẹnu tọ́bò wá sínú agolo. Bí atẹ́gùn náà bá borí sípíríǹgì, ilẹ̀kùn a ṣí, èéfín a gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, tọ́bò a sì dẹwọ́. Bí sípíríǹgì bá jẹ́ ti 0.4 bar, ibi tí boost yóò dúró sí nìyẹn.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ni pé ó ń tan agolo náà jẹ. Wọ́n a fi solenoid oníhò mẹ́ta sí àárín rọ́bà: ihò kan fún atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti tọ́bò, èkejì fún agolo, ẹ̀kẹta fún atẹ́gùn tí a ń tú dànù. Brain box ọkọ̀ a máa ṣí i, a sì máa tì í, ní nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí atẹ́gùn tó ń dànù bá ṣe pọ̀ tó ni ilẹ̀kùn yóò ṣe pẹ́ tó ní títì, tí boost yóò sì ga. Àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní iléeṣẹ́ Ìkẹjà mọ irú solenoid yìí dáadáa, nítorí irú rẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ tó ń rọ ohun mímu sínú ìgò ń lò láti darí atẹ́gùn.

Ó yẹ kí a rántí ohun tó bí ọgbọ́n yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, iléeṣẹ́ Saab ní Sweden gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní APC, kí orúkọ náà tó di ti ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́dọ̀ wa. Sẹ́ńsọ̀ kan ń tẹ́tí sí ìró inú ẹ́ńjìnnì. Bí epo bá dára, ẹ̀rọ náà a jẹ́ kí boost ga. Bí epo kò bá dára tó, tí ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, a dín in kù lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe gbé boost sókè, tí kò kọ́ ọ bí yóò ṣe gbé e wálẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ìró tí à ń wí yìí ni nọ́ọ̀kì. Ní Èkó, bí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ó túmọ̀ sí pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀kì tí sẹ́ńsọ̀ ń gbọ́ ṣáájú ikú: epo tó gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń fà á, ó sì ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Bí a kò bá dá a dúró, yóò fọ́ píísítìnì, yóò jó gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tí mẹkáníìkì ń sọ yóò sì dé.

Epo àti ooru ló ń fà á jù lọ́dọ̀ wa. Ní Jámánì, awakọ̀ lè yan bẹntiróòlù octane 95 tàbí 98. Ní ọ̀pọ̀ ilé epo wa, oríṣi kan ṣoṣo ló wà. Èyí náà kì í fìgbà gbogbo dára: ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba jẹ́wọ́ pé bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ ọjà. Ní ti ooru, bí atẹ́gùn ìta bá jẹ́ 32°C, tí tọ́bò fi 0.5 bar kún un, yóò jáde ní nǹkan bí 86°C. Bí ó bá jẹ́ 1 bar, yóò súnmọ́ 127°C. Intercooler ló ń tu atẹ́gùn yìí lára, ṣùgbọ́n nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Agége Motor Road, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó fẹ́ sí intercooler fúnra rẹ̀ kò tó.

Bí iṣẹ́ yóò ṣe lọ nìyí. Àkọ́kọ́, ẹ má tíì fi solenoid sí i. Ẹ so rọ́bà láti tọ́bò tààrà mọ́ agolo, kí ẹ wo iye boost tí sípíríǹgì nìkan ń fúnni. Kọ̀ǹpútà lè gbé boost ju iye yìí lọ, kò lè mú un relẹ̀ jù ú lọ. Nítorí náà, sípíríǹgì tó rọ̀ ni kí ẹ yàn, tí ẹ́ńjìnnì yóò lè fara dà pẹ̀lú epo tó burú jù.

Èkejì, ẹ tún epo àti iná púlọ́ọ̀gì ṣe ní boost kékeré yìí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́jẹ́, atẹ́gùn ìwọ̀n 14.7 sí epo ìwọ̀n 1 ló tọ́. Lábẹ́ boost, ẹ jẹ́ kó wà láàárín 11.5 àti 12. Ẹ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn tí kò bá lè ka ju ìwọ̀n ti ìta lọ. Ẹ sì rántí pé sẹ́ńsọ̀ náà ń ka 1 bar ti ìta mọ́ ọn: 1.5 lórí kọ̀ǹpútà ni 0.5 lórí géèjì.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi solenoid sí i, kí kọ̀ǹpútà sì wà ní òdo. Boost gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu. Bí ó bá ga jù ú lọ, a jẹ́ pé rọ́bà wà lódì. Ẹ dúró, kí ẹ tún un so. Wáyà tó bá já gbọ́dọ̀ dá boost padà sí ti sípíríǹgì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kọ boost tí ẹ bá rí ní jíà kẹta sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí ni ẹ ó gbé sínú brain box. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó gba kọ̀ǹpútà láyè láti máa tún boost ṣe fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, nítorí bí àtúnṣe bá le jù, boost yóò máa ga, yóò máa relẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ààbò. Kí brain box gé epo bí boost bá fi 0.2 bar ju ibi tí ẹ fẹ́ lọ. Kí ó dín boost kù bí atẹ́gùn tó ń wọlé bá gbóná jù, tàbí bí sẹ́ńsọ̀ bá gbọ́ nọ́ọ̀kì.

Ojú títì kì í ṣe ibi ìdánwò. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń dán ọkọ̀ wò lórí ẹ̀rọ, tàbí ilẹ̀ tí a sé mọ́, kí ẹnì kan wakọ̀, kí ẹnì kejì máa wo kọ̀ǹpútà. Bíréèkì tó tó ọkọ̀ dúró lánàá lè má tó o mọ́ lónìí. Ẹni tó bá farabalẹ̀ tú èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú gbé boost, owó ẹ́ńjìnnì mìíràn ni kó máa tọ́jú.