Àmì Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Kún, Ìpè Ò Lọ: Bí Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ṣe Ń Ṣẹlẹ̀ Lórí Fóònù

Alẹ́ Sọ́ńdè ni, a fẹ́ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fídíò láti Kano tàbí Jos. Àmì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kún lójú fóònù, síbẹ̀ ojú màmá kàn dúró gbagidi, ohùn ń já. Ẹnì kan á ní dátà ló tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra òmíràn o. Àmì yẹn kàn ń sọ bí fóònù ṣe ń gbúròó máàsì tó ni. Kò sọ iye èèyàn tó ń du máàsì náà mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1909, Agner Krarup Erlang, ọmọ ilẹ̀ Denmark tó ń bá iléeṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen ṣiṣẹ́, gbé ìṣirò jáde lórí bí ìpè ṣe máa ń wọlé. Nígbà tó di 1917, ó ti fi hàn bí a ṣe lè mọ iye wáyà tó yẹ kí iléeṣẹ́ ní, kí ìpè tí kò ní wọlé má baà pọ̀ jù. Kò sí iléeṣẹ́ tó ń kọ́ ọ̀nà tó máa gba gbogbo oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí tí èrò pọ̀ jù ni wọ́n ń wò, wọ́n á wá pinnu iye ẹni tó lè dúró síta.

Íntánẹ́ẹ̀tì tún wá yàtọ̀, kì í sábà ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó máa ń gé ọ̀rọ̀ wa sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yìí á sì tò lórí ìlà pẹ̀lú ti ẹlòmíì. Bí ìlà bá kún, wọ́n á da èyí tí kò ráàyè nù. Ní October 1986, ìyára láàárín Lawrence Berkeley Laboratory àti Yunifásítì California ní Berkeley, tí wọn ò ju nǹkan bí 400 yáàdì síra wọn, já wálẹ̀ láti 32,000 bíìtì sí 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ló fà á? Bí ẹrù kò bá tètè dé, kọ̀ǹpútà á tún un rán, ẹrù á tún pọ̀ sí i, bí ìgbà tí gbogbo awakọ̀ bá rọ́ wọ oríta lẹ́ẹ̀kan náà. Van Jacobson wá oògùn ẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1988: kí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó sì dẹwọ́ bó bá ti rí i pé ẹrù ń sọnù. Fóònù ọwọ́ wa ṣì ń tẹ̀ lé irú ìlànà yẹn.

Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé torí Òkè Ọya jìnnà sí Èkó ni. Òótọ́ ni pé Èkó ni púpọ̀ nínú wáyà abẹ́ òkun ti gúnlẹ̀, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ inú wáyà fáíbà ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkó sí Kano, ká ní ó tó 1,000 kìlómítà, ìdá kan nínú 200 ìṣẹ́jú àáyá ni. Ìlà ló sábà ń dá wa dúró. Nígbà tí WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE já nítòsí Abidjan ní 14 March 2024, ẹrù wọn ní láti gba ara wáyà tó ṣẹ́kù, bíi Equiano. Ìyà náà ò yọ Èkó tó wà létí òkun sílẹ̀.

Ní ti 5G, tí iléeṣẹ́ ti ń tà ní Nàìjíríà láti 2022, wọ́n lè pín nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan sí ọ̀nà-ọ̀nà, kí ti ilé ìwòsàn má baà há sáàárín àwọn tó ń wo fíìmù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló máa rówó ra ọ̀nà tó mọ́ yẹn? Èyí tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ lè dín ààyè àwa yòókù kù.

Fún ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ pa fídíò, ẹ fi ohùn nìkan ṣe é. Ẹrù ohùn kéré gan-an. Fóìsì nóòtì máa ń dé nígbà tí ìpè ò lọ, torí kò sí wàhálà bó bá pẹ́ lọ́nà: wẹ́wẹ́ tó bá sọnù, wọ́n á tún un rán. Ti ìpè, wẹ́wẹ́ tó bá pẹ́ ti di àdánù, wọ́n á fò ó. Ọ̀rọ̀ tí kò bá kánjú, ẹ rán an ní fóìsì nóòtì, tàbí kẹ́ ẹ pe ilé ní ìdájí.