Àwọn ọmọdé aṣapàǹtí ní Pune

Àwọn ọmọdé aṣapàǹtí ni àwọn ọmọ tó ń ṣa bébà, ike, irin àti ìgò nínú pàǹtí ìlú láti tà á. Irú iṣẹ́ yìí wà ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní Áfíríkà, Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní ìlú Pune, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra ní orílẹ̀-èdè Índíà, ètò tí wọ́n ṣe nítorí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló wá yí ọ̀nà tí ìlú náà ń gbà kó pàǹtí padà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí

Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn aṣapàǹtí Pune, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Dalit, àwọn tí ètò ìpín-ìran ilẹ̀ Índíà kà sí ẹni ìsàlẹ̀ pátápátá. Tẹ́lẹ̀, inú àpótí pàǹtí ẹ̀bá títì àti orí ààtàn ni wọ́n ti ń wá ohun tí wọ́n máa tà. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń tú oúnjẹ jíjẹrà àti àfọ́kù ìgò. Ìwọ̀n ni àwọn tó ń ra àlòkù fi ń san owó, nítorí náà ọwọ́ tó bá pọ̀ ló ń rí owó. Ìyá a sì mú ọmọ dání. Ọmọ tó bá jí lọ sídìí àpótí kì í sábà dé ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà.

Ètò ẹ̀kọ́ tó di ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́

Ní nǹkan bí ọdún 1990, àwọn òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ àgbà ti Yunifásítì Àwọn Obìnrin SNDT bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ aṣapàǹtí níwèé. Poornima Chikarmane àti Lakshmi Narayan wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n bá àwọn ìyá rìn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n rí i pé ìwé nìkan kò tó, nítorí owó ọmọ wà lára owó oúnjẹ ilé. Wọ́n tún rí i pé bí onílé bá ya pàǹtí gbígbẹ kúrò lára èyí tó tutù, tó sì fi lé aṣapàǹtí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá yóò pa owó tó sàn jù láàárín wákàtí díẹ̀, ọwọ́ ọmọ kò sì ní pọn dandan mọ́.

Ní 1993 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Kagad Kach Patra Kashtakari Panchayat sílẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn alágbàṣe bébà, ìgò àti páànù. Baba Adhav, tó ti kó àwọn alárù jọ ṣáájú, kópa nínú rẹ̀. Ìjọba ìlú fọwọ́ sí káàdì ìdánimọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, èyí tí kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tí aráàdúgbò ti ń fura sí bí olè.

SWaCH

Ní 2008, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù SWaCH, tí àwọn aṣapàǹtí fúnra wọn ni, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ìlú. Àwọn onílé ń san owó oṣooṣù. Aṣapàǹtí ń gba pàǹtí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ta èyí tó gbẹ fún ara rẹ̀. Ìlànà pàǹtí tí ìjọba àpapọ̀ Índíà gbé jáde ní 2016 pàṣẹ yíyà pàǹtí sọ́tọ̀ nílé, ó sì ní kí àwọn ìlú fi aṣapàǹtí sínú ètò wọn.

Kì í ṣe gbogbo aṣapàǹtí Pune ló wà nínú SWaCH. Àdéhùn àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọdún 5. Láti ìgbà tó ti parí, títún un ṣe máa ń fa awuyewuye, pàápàá lórí bóyá kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ aládàáni. Bí iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà bá bọ́ lọ́wọ́ ìyá, ààtàn ló kù tó lè padà sí.