Liberty, Pápá Ìṣeré tó Gba Orúkọ Òmìnira

Ní Òkè-Àdó, nílùú Ìbàdàn, pápá ìṣeré kan wà tí ìwé ìjọba ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ Stadium. Àmọ́ bí àlejò bá dá orúkọ yìí fún àgbàlagbà awakọ̀ Micra nígboro, ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé Liberty lẹ ń wí?"

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ló kọ́ pápá náà, ní àkókò tí orílẹ̀-èdè yìí ń gba òmìnira lọ́dún 1960. Òmìnira yẹn gan-an ni Liberty túmọ̀ sí. Ìjọba kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, òun náà ló dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní 1959. Kì í ṣe tìtorí eré nìkan ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Wọ́n fẹ́ kí ayé rí ohun tí ẹkùn kan lè fi owó àti ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ayé sì wá wò ó lóòótọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1963, Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ọmọ Ígbò, kojú Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà níbẹ̀. San Francisco ni Tiger ti gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1962. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Las Vegas, ọ̀mì ni wọ́n ta. Ìbàdàn ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òun sì ni ìjà àkọ́kọ́ fún ipò aṣíwájú àgbáyé tó wáyé ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí abala keje parí, àwọn ènìyàn Fullmer ní ó tó gẹ́ẹ́. Lásìkò kan náà, Olóyè Awólọ́wọ̀ ń jẹ́jọ́ ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba ní Èkó. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù tó tẹ̀ lé e, adájọ́ rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Bọ́ọ̀lù ló wá sọ pápá náà di tàwọn ará Ìbàdàn pátápátá. Lọ́dún 1976, Shooting Stars, tí wọ́n ń pè ní IICC nígbà náà, tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Muda Lawal wà lára wọn, fi góòlù 4 sí 1 na Tonnerre ti Yaoundé. Bí wọ́n tilẹ̀ pàdánù 1 sí òdo ní Kamẹrúùnù, àwọn ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún 1980, ibẹ̀ ni Algeria, Ghana, Morocco àti Guinea ti gbá ìdíje ife Áfíríkà. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ náà débẹ̀ ní 1999.

Ẹkùn tó kọ́ pápá náà ti kógbá wọlé ní 1967, pápá sì di ti ìjọba àpapọ̀. Ohun tí Abuja bá ń tọ́jú n'Íbàdàn, ta ni yóò máa bojú tó koríko rẹ̀? Shooting Stars kó lọ sí Adámásingbá. Nígbà tí ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 dé Nàìjíríà ní 2009, Ìjẹ̀bú-Òde gbàlejò, Ìbàdàn kò rí nǹkan kan gbà.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan yí orúkọ Liberty padà. Ẹ̀tọ́ ni ọlá náà jẹ́ fún Awólọ́wọ̀. Àmọ́ ní gbogbo àkókò yẹn, Adámásingbá ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú ti ń gbá bọ́ọ̀lù.