Ilé ọtí tó di ilé ọnà: a fẹsẹ̀ rin Òṣogbo

Àríyànjiyàn ló gbé wa dé Òṣogbo. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀kan nínú wa ní òyìnbó ló dá iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Òṣogbo sílẹ̀, pé bí wọ́n ṣe kọ́ òun ní kíláàsì nìyẹn. Nígbà tó fi di àárọ̀ Sátidé, àwa márùn-ún ti wọ mọ́tò. A pinnu láti fẹsẹ̀ rìn láàárín ìlú, torí owó ọ̀kadà kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ṣeré.

Ilé Susanne Wenger tó wà ní òpópónà Ìbòkun la kọ́kọ́ yà sí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, irú èyí tí àwọn Àgùdà máa ń kọ́, ère sì kún inú rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Austria ni ìyá náà. Òun àti Ulli Beier, ọkọ rẹ̀ nígbà náà, ni wọ́n jọ wá sí Nàìjíríà ní 1950. Alátakò wa ń rẹ́rìn-ín: “Ṣé ẹ rí i?”

Ilé ọtí ni ìtàn náà ti wá yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Dúró Ládiípọ̀, olùkọ́ àti akọrin, ló ni ilé ọtí ọ̀hún. Ní 1962, òun àti Beier sọ ọ́ di ilé àwòrán àti tíátà. Mbari ni wọ́n fẹ́ pè é, bíi ti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ Igbo sì ni. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n ní “M̀bá rí, m̀bá yọ̀”, ìyẹn ni pé bí mo bá rí i, inú mi á dùn. Bó ṣe di Mbari Mbayo nìyẹn. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó lé e lórí. Etí Yorùbá ló ṣe é.

Ní 1964, Georgina Beier kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán fún ìgbà díẹ̀. Àwọn wo ló wá? Púpọ̀ nínú wọn, òṣèré Ládiípọ̀ ni: Mùráínà Oyèlámì, Rufus Ògúndélé, Jacob Afọlábí. Twins Seven-Seven ń jó fún ẹgbẹ́ náà; Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná orí ìtàgé. Lójú tiwa, òyìnbó gbé ọ̀dà wá lóòótọ́, àmọ́ tíátà ti kó àwọn ọmọ náà jọ ṣáájú.

Ní ọ̀sán, a wọ ibùdó ọnà Nike Okundaye. A béèrè iye owó àdìrẹ kan, a sì rọra dá a padà síbi tí a ti mú un.

Lọ́jọ́ Àìkú, a dé igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Orúkọ Wenger ló máa ń ṣáájú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Adébísí Àkànjí, bíríkìlà tẹ́lẹ̀, Buraimoh Gbàdàmọ́sí, káfíńtà tẹ́lẹ̀, àti Kàsálì Àkàngbé tó ń gbẹ́ igi, gbogbo wọn ló fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. A bi ara wa léèrè pé ta ló mọ orúkọ wọn kí a tó wá. Ẹnì kan péré ló nawọ́. Ojú ti àwa tí à ń bú òyìnbó láti àná.

Kí mọ́tò tó kún ní gáréèjì, alátakò wa ti ń kọ orúkọ sórí fóònù rẹ̀. Adébísí Àkànjí ló fi ṣáájú.